Bí Mo Ṣe Lọ sí Sàró Láì Kúrò ní Agbowó

Ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò kó àdá àti ìgbálẹ̀ wá ká mi mọ́ inú ilé ara mi ò ní tán lọ́kàn mi, àfi bí wọ́n bá bò mí mọ́lẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin tó ń kà á máa sọ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ lẹ́nu àgbà. Ó ti bọ́ sórí. Gbogbo Agbowó ló ti mọ̀ ọ́n, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta síìpù àti bọ́tìnì fún mi ní ọjà Bódìjà. Ó kúkú sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Alhaja Ràbíátù, aládùúgbò mi, tó máa fi iyọ̀ àti ata sí i.

Aránṣọ ni mí. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, torí kékeré ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Adébóyè ní Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún mi ní iyè nínú. Ẹni tí mo bá ránṣọ fún lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní gbàgbé orúkọ rẹ̀, mi ò sì ní gbàgbé bí ìbàdí rẹ̀ ṣe tó.

Ọkọ mi, Bàbá Délé, ti kú bí ọdún kan kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ lọ ra bátìrì rédíò ní Dùgbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ní, "Mò ń bọ̀." Èmi ò tiẹ̀ dá a lóhùn dáadáa, torí pé abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín mi. Etí ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Bí a ṣe jọ gbé tó yẹn, ó lọ láì dágbére.

Láti ìgbà náà ni ilé wa ti fẹ̀ jù fún mi. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni o, kì í ṣe ààfin, ṣùgbọ́n bí mo bá wúkọ́ nínú rẹ̀ báyìí, ńṣe ni ikọ́ náà máa ń rìn káàkiri kó tó padà wá bá mi.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Dámilọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ń wá àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ tó máa lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Sàró. Oṣù mẹ́fà ni. Wọ́n máa fún wa ní oúnjẹ, wọ́n máa fún wa ní ibi tí a máa sùn sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àánú ni, kò sí owó oṣù. Ó béèrè pé ta ló fẹ́ lọ. Mo rí i tí ọwọ́ kan nà sókè níwájú mi. Mo ní ta nìyí? Ọwọ́ mi ni.

Fọlákẹ́, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Challenge, pariwo ayọ̀ nígbà tó gbọ́. Délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà ní Àbújá, ò pariwo ayọ̀ kankan.

"Màmi, ta ló máa tọ́jú yín níbẹ̀?"

"Èmi ni mò ń lọ tọ́jú ènìyàn."

"Ẹ̀yin tí ẹ sọnù ní Ring Road?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn. Wọ́n yí ọ̀nà padà ni!"

A fà á títí. Níkẹyìn ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá yẹ̀ nínú ètò yìí, Màmi, bó ti wù kó kéré mọ, àmì nìyẹn. Ẹ ò lọ mọ́ nìyẹn. Mo máa wá kó yín wá sí Àbújá lọ́jọ́ kejì ni."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, òun ló sọ mí di olè. Mo mọ Àbújá Délé dáadáa. Àga kan wà níwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n máa ń gbé mi kà. Wọ́n á fi ìrọ̀rí tì mí lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ má dìde, mà, ẹ sinmi." Ẹni tí ìbànújẹ́ ń pa, tí ẹ wá ní kó jókòó sójú kan! Mo fẹ́ lọ síbi tí ẹnì kan máa ti nílò mi. Gbogbo ohun tó jẹ mí lógún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Délé ní ojú ní Agbowó. Alhaja Ràbíátù, tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójúlé tó kàn mí, tí ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, òun ni Délé fi ṣe olùṣọ́ mi. Bí mo bá sín lẹ́ẹ̀mejì, Àbújá á ti gbọ́ kí n tó nu imú.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀. Mo lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Jẹ́ríkò. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ ò lè bà mí lẹ́rù, pé abẹ́rẹ́ ni mo fi tọ́ ọmọ méjì. Nígbà tó gún mi, fìlà orí rẹ̀ ni mo rí lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fìlà mi." Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ìrìn àjò yìí máa ní ọwọ́ kan nínú.

Lẹ́yìn náà ló kan ìdágbére. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ènìyàn ò lè kàn gbé báàgì kó máa lọ bí ẹni tó sá fún gbèsè. Ó gbọ́dọ̀ kí tilé toko, kí wọ́n súre fún un. Àṣejù ni tèmi. Mo dágbére ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dágbére ní ọjà Bódìjà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Mo dágbére fún àwọn oníbàárà tí mo ti ránṣọ fún kẹ́yìn nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ọmọ náà ti lọ́kọ. Bí mo bá ti sọ pé "Sàró," tí ẹnu yà wọ́n, inú mi á dùn, màá tún wá ẹlòmíì lọ.

Alàgbà Ògúnwálé, alága àdúgbò wa, pe ìpàdé nítorí mi. Ó ra bisikíìtì àti mọ́ọ̀tì, ó sì sọ̀rọ̀ lé mi lórí títí ojú fi ń tì mí. "Obìnrin rere ni. Ó gbé ní àdúgbò yìí ní ìrẹ̀lẹ̀. A ò ní gbàgbé rẹ̀." Alhaja ní, "Alága, ẹ rọra o, ìrìn àjò ló ń lọ, kò tíì kú." Alàgbà fún mi ní gaàrí Ìjẹ̀bú tó kún ike. Alhaja fún mi ní ata gígún nínú ọ̀rá, ó ní àwọn ará Sàró ò mọ ata. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un.

Èmi náà wá fi ìwà ọ̀làwọ́ hàn. Mo gbé sílíńdà gáàsì mi fún Alhaja kó máa lò ó. Mo pín iṣu mi, mo pín ẹyin, mo pín epo pupa, mo pín odindi ẹja gbígbẹ. Mo fún Alhaja ní kọ́kọ́rọ́ kan kó máa bá mi bojú tó ilé, kó sì máa gbá iwájú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kejì, mo jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì mi, mi ò sì mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni Wàsíù, awakọ̀ àdúgbò wa, gbé ọkọ̀ máíkírà rẹ̀ wá gbé mi lọ sí Dùgbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó wa lọ sí Èkó ti máa dúró dè wá. Gbogbo ojúlé ló jáde. Alhaja ń sunkún, ó ń fi ìborùn nu ojú. Alàgbà Ògúnwálé gbé àdúrà kan kalẹ̀ tí Wàsíù fi pa ẹ́ńjìnnì kó má bàa jẹ epo tán. Nígbà tí a wá gbéra, mo yọ orí síta ní fèrèsé, mo ń juwọ́ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ jẹ oyè. Mo juwọ́ títí a fi dé Bódìjà, níbi tí kò ti sí ẹnì kankan tó mọ̀ mí mọ́.

A dé Dùgbẹ̀. Dámilọ́lá dúró lẹ́nu ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti sún ọkọ̀ òfuurufú wa síwájú. Ó di Wẹ́sìdeè."

"Wẹ́sìdeè wo?"

"Wẹ́sìdeè tó ń bọ̀ yìí, mà. Ẹ kàn padà sílé, màá pè yín."

Bàbá Ọláìtán, káfíńtà ará Onírèké tí a jọ ń lọ, rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń lọ sun oorun òun nìyẹn. Ó sọ báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ. Ṣùgbọ́n èmi, ilé wo ni mo fẹ́ padà sí? Ṣé ilé tí wọ́n ti fi mọ́ọ̀tì sìn mí kúrò? Kí Alhaja rí mi, kó gbé fóònù, kí Délé ní, "Ẹ ò rí i? Àmì!" Mo ronú ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ ní Challenge, àmọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun àti Alhaja sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ aṣàlátù kan náà. Ìròyìn á dé Agbowó kí n tó bọ́ bàtà.

Mo padà sínú máíkírà. "Wàsíù, o ò rí mi."

"Mà? Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ mi."

"Mo ní o ò rí mi."

Ó wo ojú mi nínú dígí. "Mi ò rí yín, mà."

Ọmọlúwàbí ni Wàsíù. A páàkì sí ibòji kan ní Mọ́kọ́lá títí ó fi di àkókò ìrun Jímọ̀. Mo mọ̀ pé Alhaja máa wà ní mọ́sáláṣí, àwọn yòókù á wà níbi iṣẹ́. Mo fi ìbòmú bo imú, mo fi gèlè bo ìyókù. Wàsíù gbé àpótí mi lérí, mo tẹ̀ lé e gba ẹ̀yìnkùlé, a fo gọ́tà. Ewúrẹ́ Alhaja nìkan ló rí wa. Ó dẹ́kun jíjẹ, ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé kì í ṣe ìwọ la sunkún fún láàárọ̀?"

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Ètò mi ni pé màá fara pamọ́ títí di Wẹ́sìdeè, Wàsíù á wá gbé mi ní ìdájí, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ̀yin ẹ bá mi wo ètò àgbà!

Ooru ilé yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ. Mi ò lè ṣí fèrèsé, mi ò lè tan fáànù, torí ariwo rẹ̀ dà bíi ti ọlọ ata. Ebi wá dé. Mo rántí pé mo ti pín gbogbo oúnjẹ mi, pé gáàsì mi wà ní ìdáná Alhaja, mo tiẹ̀ ń gbọ́ òórùn ẹja mi lórí rẹ̀. Ó ku gaàrí Alàgbà. Mo ṣí báàgì, mo bá a pé ọ̀rá ata ti bẹ́ sínú ike gaàrí. Mo rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti mu gaàrí oníṣúgà rí, ẹ máa dúpẹ́. Omi bọ́ lójú mi, mo ń sín, mo ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí wọ́n má gbọ́.

Ìgbà náà ni fóònù mi dún. Alhaja ni. Mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó gbé e.

"Ọ̀rẹ́ mi! Ṣé ẹ ti dé?"

Mò ń gbọ́ ọ nínú fóònù, mo tún ń gbọ́ ọ láti ara ògiri. Àfi bíi pé Alhaja méjì ló dojú kọ mí.

"A ti dé, a dúpẹ́," mo ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kí ló ń ṣe ohùn yín?"

"Ọ̀nà jìn ni. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e."

Ewúrẹ́ rẹ̀ wá ké. Ó ké lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ké ní fèrèsé mi.

"Háà," ni Alhaja wí, "ewúrẹ́ Sàró ń ké bíi ti tèmi gẹ́lẹ́!"

"Ewúrẹ́ ò ní èdè méjì, Alhaja."

"Òótọ́ ni o. Ẹ jẹun dáadáa. Ata yẹn ńkọ́?"

"Ó wúlò," mo ní. Mo pa fóònù, mo sì sín sínú ìrọ̀rí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Sátidé nìyẹn, mo tún fi ọwọ́ bu gaàrí aláta yẹn jẹ. Mo ti fọ ìró àti bùbá tí òógùn ti rẹ, mo sá wọn sórí àga. Aṣọ yòókù wà nínú àpótí tí Dámilọ́lá ti bá mi fi téèpù wé yíká fún ìrìn àjò bí ẹni di òkú. Mo wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá ohun tí màá fi bora. Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Délé ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́, aláwọ̀ ewé, èyí tí kò ní bọ́tìnì láyà, tí àpò rẹ̀ já. Ó ti bẹ̀ mí títí nítorí ṣẹ́ẹ̀tì yìí. "Ìyá Délé, bọ́tìnì mi ńkọ́?" Màá ní, "Lọ́la." Aṣọ oníbàárà máa ń pọ̀, ọkọ ẹni ò sì lè lọ gba aṣọ rẹ̀ lọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn. Ọkọ aránṣọ tó ń fi pín-ìn-nì so ṣẹ́ẹ̀tì!

Mo jókòó, mo gán bọ́tìnì náà. Mo fi eyín já òwú. Mo wọ̀ ọ́ wò, mo sì dé fìlà rẹ̀, torí gèlè mi náà ti wà lómi, orí lásán ò sì yẹ àgbàlagbà. Ó wá ku àpò. Àpò ò ṣeé fọwọ́ rán kó dáa. Ẹsẹ̀ mi bá gbé mi lọ sídìí maṣíìnì mi, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń han bí ọmọ eku. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn rẹ̀. Mi ò rántí pé mo ń fara pamọ́. Mi ò rántí nǹkan kan. Àpò ọkọ mi ni mò ń rán.

Mi ò sì rántí pé Sátidé ìmọ́tótó ni, pé kò sí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́, pé gbogbo wọn wà níta pẹ̀lú àdá, réèkì àti ìgbálẹ̀. Alhaja ti wá gbá iwájú ilé mi bó ṣe ṣèlérí. Ó gbọ́ maṣíìnì. Ó yọjú ní àlàfo fèrèsé, ó rí ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ó rí fìlà, ó rí ẹ̀yìn mi.

Igbe tó ké, mo rò pé wọ́n ń pa á.

"Ẹ gbà mí o! Bàbá Délé ti dé! Bàbá Délé ń ránṣọ!"

Mo ta gìrì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń rọ́ wá. Alàgbà Ògúnwálé béèrè pé, "Alhaja, kí lẹ rí?"

"Bàbá Délé! Pẹ̀lú ojú mi yìí! Ó ń tẹ maṣíìnì!"

"Bàbá Délé ò mọ aṣọ rán nígbà ayé rẹ̀."

"Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ lọ́run ni!"

Wàsíù wà láàárín wọn. Mo gbọ́ tó wúkọ́, ó ní, "Bóyá... bóyá kì í ṣe Bàbá."

"Ta ló wá jẹ́?"

"Mi ò rí ẹnì kankan," ni Wàsíù wí. Ẹ rí i pé ó di àṣírí mú.

Kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá jáde, Sàró ti bàjẹ́, Délé á ti wà lójú ọ̀nà. Bí mi ò bá jáde, Alhaja máa fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n á kó àdá wọlé bá mi. Mo dúró láàárín pálọ̀ bí òpó iná. Alàgbà Ògúnwálé wá tún ohùn ṣe, ohùn ìpàdé, ó bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

"Bàbá Délé, a kí yín o. Ìyàwó yín ò sí nílé. Sàró ló lọ, àná ni a sìn ín. Bó bá jẹ́ òun lẹ wá wò, ẹ yà síbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó bá sì jẹ́ torí àkàbà yín ni, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Màá dá a padà lónìí yìí."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Délé wá àkàbà yẹn títí ó fi kú!

Alhaja tún bọ́ síwájú. "Bàbá Délé, gáàsì yẹn, òun ló fún mi o, mi ò jí i." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ fọkàn balẹ̀. A tọ́jú rẹ̀. Oṣù tẹ́ ẹ kú, kò jẹun, mo jókòó tì í títí ó fi gbé ṣíbí. Bó bá ń sunkún lóru, mo máa ń kan ògiri, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan ò sùn. Ó máa ń sọ fún mi láàárọ̀ pé eku ilé mi ti pọ̀ jù, mi ò sì já a nírọ́. Ẹ má pè é padà. Ọ̀rọ̀ Sàró yìí ló mú kó tún máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó lọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń bínú sí eku Alhaja.

Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò rí èyíkéyìí ṣe. Ọwọ́ tí ata wà ni mo fi nu ojú. Mo sín. Kì í ṣe sísín kékeré o. Fìlà bọ́ lórí mi.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Òkú kì í sín. Alága, ẹ ti gbọ́ ibi tí òkú ti sín rí?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Alàgbà Ògúnwálé tó ń bá òkú sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù sá fún alààyè, ó fo gọ́tà bí ọmọ ogún ọdún. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Alhaja nìkan ni kò sá. Ó kọwọ́ sí ìbàdí, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi tí ata ti sọ di pupa.

"Ẹ káàbọ̀ o, ará Sàró," ó ní. "Kí lẹ rà bọ̀ fún wa?"

"Gaàrí aláta," mo ní.

Ẹ̀rín tó pa obìnrin yẹn, ó jókòó sínú pàǹtírí tó gbá jọ. Ó ń rín, ó ń nà mí ní ìgbálẹ̀. "Ewúrẹ́ ò ní èdè méjì! Opùrọ́! Ewúrẹ́ ò ní èdè méjì!" Èmi náà jókòó tì í. Mo rín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, mo nawọ́, mo kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó, kó, kó. Ó wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti gbọ́. Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ata kúrò lójú mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe Délé. Ó ní, "Mo ti pè é nígbà tí mo rí ẹ̀mí òkú nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Ó wà lórí fóònù láti àárọ̀." Ó yọ fóònù náà láti inú àyà, ó sì fi lé mi létí.

"Délé, ọmọ mi. Wọ́n sún ọkọ̀ síwájú ni. Kì í ṣe àmì."

Mo wá gbọ́ ohùn kan bí ti ẹni tó ń fa imú. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀, mi ò gbọ́ ẹ̀rín ọmọ yẹn.

"Màmi," ó ní, "ṣé lóòótọ́ lẹ mu gaàrí aláta?"

"Mo mu ún."

"Ẹ máa lọ sí Sàró. Ẹni tó lè fi gaàrí aláta àti irọ́ gbé ilé tí wọ́n tì pa, kò sí ohun tí Sàró lè fi ṣe é." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ṣẹ́ẹ̀tì Dádì pamọ́. Ṣé ẹ ti rán bọ́tìnì rẹ̀?"

Mo ní mo ti rán an.

Ọjọ́ náà, Alhaja gbé gáàsì mi padà, ó sì dáná fún mi pẹ̀lú ẹja mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Alàgbà Ògúnwálé gbé àkàbà wá. Kò wo ojú mi, ó fi ti ògiri, ó ní, "Ẹ kú ìrìn." Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, ẹnikẹ́ni ò ra mọ́ọ̀tì. Mi ò lọ sọ́jà, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò yọ orí síta ní fèrèsé. Mo wọ bàtà mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo kan ògiri Alhaja, mo ní, "Mò ń bọ̀." Ó dáhùn láti inú ilé, "Ẹ tètè dé o!" Mo sì lọ. Mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn níṣẹ́, Ìsátù, Mààríámà, Hánà tó ń fi ọwọ́ òsì gé aṣọ. Mo lo oṣù mẹ́fà náà pé, mo sì dé.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kéèyàn má fi ìdágbére ṣe ayẹyẹ, kó sì má pín ẹja rẹ̀ kó tó rí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Èkejì ni pé ká máa dá ẹni tó bá sọ pé òun ń bọ̀ lóhùn dáadáa, bí abẹ́rẹ́ tiẹ̀ wà lẹ́nu wa.

Títí di òní, bí ẹnì kan ní àdúgbò wa bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí àlejò má bàa bá a, ohun tí wọ́n á sọ ni pé, "Kò sí nílé, ó ti lọ sí Sàró." Àwọn ọmọ kéékèèké ò tiẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ, màá kàn tẹ maṣíìnì mi lọ.

Nígbà mìíràn, bí ilé bá dákẹ́ lálẹ́, màá wo ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn níbi tó fi kọ́, màá sì rò ó pé bóyá Sàró ni Bàbá Délé náà lọ. Ó kàn jókòó síbì kan ni, pẹ̀lú bátìrì rédíò lọ́wọ́, ojú ń tì í láti jáde. Màá rẹ́rìn-ín, màá ní, "Jáde o jàre, wọ́n ti dá àkàbà ẹ padà." Alhaja á sì kan ògiri.